Ta Ló Sọ Yìnyín Di Èèwọ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Lọ Kọ́ Síkì

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó ń sọ òjò kalẹ̀ ní ilẹ̀ kan, tí Ó sì ń sọ yìnyín kalẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà kan wà ní London níbí. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti kéwú láti kékeré. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Wọ́n fẹ́ kó owó jọ kí wọ́n lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé nínú oṣù kejì ọdún, kí wọ́n lọ kọ́ síkì. Kò sí ẹni tó ṣe é rí nínú wọn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, síkì ni eré tí ènìyàn máa ń de pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, tí yóò máa fi yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò.

Kí wọ́n tó sanwó, wọ́n wá béèrè ní mọ́sáláásí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: kí wọ́n tó sanwó, wọ́n wá béèrè. Mélòó nínú àwa àgbà ló ń béèrè kó tó sanwó? Kí n tó la ẹnu, bàbá kan nínú àwọn àgbà wa ti dá wọn lóhùn pé, "Harāmu ni. Eré kèfèrí ni, ìfowóṣòfò ni, ikú sì wà níbẹ̀. Òtútù yẹn kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ kírun." Àwọn ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Wọ́n sorí kodò, wọ́n jáde.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà, mi ò sì lè dákẹ́ lé e lórí. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì mọ ohun tó bí.

Ohun tí ọwọ́ mi ṣe

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ kọ́ síkì, wọ́n ní kó bá àwọn lọ. Ó ní, "Àáfà, ṣé kò sí wàhálà níbẹ̀?" Mi ò bi í pé àwọn wo ni yóò bá lọ. Mi ò bi í pé níbo, fún ọjọ́ mélòó, kí ni wọn yóò máa jẹ. Mo kàn ní, "Harāmu ni, má dán an wò." Mi ò ṣí ìwé kankan. Ojú mi ni kò rí nǹkan náà rí, mo wá sọ ohun tí ojú mi kò rí rí di èèwọ̀.

Ó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, owó rẹ̀ ni. Nígbà tó dé, kò wá sí kíláàsì wa mọ́. Bí a bá pàdé ní Jímọ̀, òkèèrè ni yóò ti kí mi. Ó tó ọdún méjì kó tó jókòó tì mí, kó tó sọ ọ́. Ó ní alẹ́ ọjọ́ tí àwọn dé, òun ṣe àlùwàlá, òun tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti kírun. Ọ̀rọ̀ mi bá sọ sí òun lọ́kàn. Òun wá ń bá ara òun sọ pé, "Inú harāmu ni mo wà yìí. Kí ni Ọlọ́hun fẹ́ fi ìrun mi ṣe?" Ó ká aṣọ náà. Odidi ọjọ́ mẹ́fà, kò kírun. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí wọ́n gbé ọtí kalẹ̀, ó mu ún. Ó ní lójú òun, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi. Ìrun tó fi sílẹ̀, òun ló fi í sílẹ̀; ọtí tó mu, òun ló mu ún, ó sì ti tuba sí Olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín kọ́ ló ká aṣọ ìrun yẹn kúrò nílẹ̀. Èmi ni mo ti bá a ká a láti London. Mo kó ohun tí Ọlọ́hun kò ṣe léèwọ̀ mọ́ ohun tí Ó ṣe léèwọ̀, mo di gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo, mo gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Nígbà tó sọ ọ̀kan kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú àròkọ yìí nìyí: ẹni tó bá ń ṣe ohun ẹ̀tọ́ léèwọ̀ kò dáàbò bo ẹ̀sìn. Ńṣe ló ń ti àwọn ọmọ wa sínú èèwọ̀ gidi.

Àṣẹ ta ni?

Ìpìlẹ̀ tí àwọn onímímọ̀ fi lélẹ̀ ni pé nínú ìjọsìn, a kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan àfi èyí tí ẹ̀rí bá wà fún. Ṣùgbọ́n nínú oúnjẹ, aṣọ, òwò, ìrìn-àjò àti eré, ẹ̀tọ́ ni gbogbo rẹ̀ àyàfi èyí tí ẹ̀rí bá sọ pé kí á yẹra fún. Ẹni tó bá ní harāmu ni òun ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Nínú Sūratu-n-Nahl, ẹsẹ 116, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi ahọ́n lásán sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, èyí jẹ́ èèwọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ Òun. Ẹ̀yin àáfà ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ̀rù ẹsẹ yẹn kò bà wá? Ẹni tó sọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ di ẹ̀tọ́, gbogbo wa la máa pariwo lé e lórí. Ẹni tó sọ eré tí Ọlọ́hun kò dárúkọ di èèwọ̀, a óò ní olùbẹ̀rù Ọlọ́hun ni. Bẹ́ẹ̀, ẹnu-ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọlé.

Wọ́n ní eré kèfèrí ni. Ṣé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, láti Mẹ́dínà ló ti wá? Ní gbogbo Sátidé, ta ni kì í jókòó síwájú tẹlifíṣàn láàárín wa, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń kọjá lọ kọjá bọ̀ ní etí pápá? Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní eré kèfèrí, nítorí a ti mọ̀ ọ́n lójú. Ànábì, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, bá Aishat ìyàwó rẹ̀ sáré ìje. Ó bá Rukānah ja ìjàkadì. Ó jẹ́ kí àwọn ará Habaṣa fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́sáláásí rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Eré ìdárayá kì í ṣe ohun tí ẹ̀sìn wa ń sá fún.

Bó bá sì ṣe ti síkì fúnra rẹ̀ ni, ẹ lọ wo Uludağ lẹ́bàá ìlú Bursa ní ilẹ̀ Tọ́kì, tàbí Oukaïmeden lórí òkè Atlas ní ilẹ̀ Mòrókò, tí kò jìnnà sí Marrakech. Ẹ lọ wo àwọn òkè tó yí Sarajevo ká ní Bosnia, níbi tí wọ́n ti ṣe Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní ọdún 1984. Mùsùlùmí ló ń gbé níbẹ̀, láti ayé àwọn Ottoman ni wọ́n sì ti ń pe ìrun ní ìlú yẹn. Ní ọdún 922, àwọn òjíṣẹ́ tí Kálífà rán láti Baghdad dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Bulgar lẹ́bàá odò Volga, Ibn Fadlān sì wà lára wọn. Òun ló kọ ìtàn òtútù tí wọ́n fojú rí lójú ọ̀nà. Islām ti mọ ilẹ̀ yìnyín kó tó mọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwa ni yìnyín ṣe àjèjì sí. Kò ṣe àjèjì sí ẹ̀sìn.

Wọ́n ní ìfowóṣòfò ni. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tó jẹ gbèsè, tàbí tí òbí rẹ̀ ń retí owó oògùn láti ọwọ́ rẹ̀, tàbí tí sàká rẹ̀ ti pé tí kò tíì yọ ọ́, kó jókòó sílé. Ẹni tí yóò yá owó èlé nítorí ìgbádùn ọ̀sẹ̀ kan ti wọ inú èèwọ̀ kó tó rí òkè lójú. Ṣùgbọ́n ṣé àwa la máa bá ọmọdé wí lórí ìnáwó? Àwa tí a ń ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan? Àwa tí a ń pa màlúù ní fìdáù ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn ọmọ òkú fi ń jẹ gbèsè? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í pe aládùúgbò rẹ̀ ní onílé jíjò.

Wọ́n ní ikú wà níbẹ̀. Ewu wà lóòótọ́. Eegun a máa kán, orúnkún a sì máa yẹ̀. Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Ṣùgbọ́n eré yìí ní ìlànà tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń fi àwọ̀ sàmì sí ojú ọ̀nà tí ènìyàn yóò yọ̀ gbà: àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú ló sì le jù. Ẹni tí kò ṣe é rí kò ní iṣẹ́ lórí pupa. Olùkọ́ yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe kó ẹnu pátákó méjèèjì jọ bí lẹ́tà V tí a dojú rẹ̀ kọ iwájú, kí ó lè dúró nígbà tó bá fẹ́. Yóò dé akoto, yóò sì gba ìtọ́ni. Ẹni tó ṣe gbogbo èyí tó sì gbára lé Ọlọ́hun kò pa ara rẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru bóyá wọ́n kọ́kọ́ gba fátíwà.

Ọ̀rọ̀ ìrun: ibi tí iṣẹ́ àáfà wà gan-an

Ọ̀rọ̀ kẹrin tí bàbá sọ ló wọ̀ mí lára jù: pé òtútù kò ní jẹ́ kí wọ́n kírun. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ń bà wá pé ìrun yóò bọ́, ṣé ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n má lọ, àbí kí á kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kí i?

Ẹ rántí ọkùnrin tí Abū Dāwūd gba ìtàn rẹ̀ wá, ẹni tí orí rẹ̀ là lójú ìrìn-àjò. Jánábà bá a, ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń rìn bóyá òun lè ṣe tayamọ́mù. Wọ́n ní kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bínú, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ni wọ́n pa á. Kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Wọn kò fi ọ̀bẹ gún un. Fátíwà tó le láìní ìmọ̀ ni wọ́n fi pa á.

Ẹ tún rántí Amr ọmọ al-ʿĀs lójú ogun Dhātu-s-Salāsil. Òtútù mú lóru, jánábà bá a, ó bẹ̀rù pé bí òun bá wẹ̀, òun á kú. Ó ṣe tayamọ́mù, ó sì kí ìrun Àsùbáà ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun Ànábì, ó ṣàlàyé ara rẹ̀, Ànábì sì rẹ́rìn-ín, kò bá a wí. Ẹ̀sìn tí Ànábì rẹ́rìn-ín sí nínú òtútù, kí ló dé tí àwa fi ń fajú ro lé e lórí?

Ẹ̀yin tí ẹ kéwú ní Ìlọrin tàbí ní Ìbàdàn títí ẹ fi dé ọ̀dọ̀ Mukhtasar ti Khalīl, ẹ padà sí ìwé yín. Níbi tó ti ka àwọn nǹkan tí a lè fi ṣe tayamọ́mù, yìnyín wà níbẹ̀. A ka ọ̀rọ̀ náà lórí ẹní nínú ooru, a túmọ̀ rẹ̀, a kọjá. Ta ló rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ wa yóò dúró lórí ohun tí a kà? Ọ̀kan sì wà nínú àwọn àdúrà tí Ànábì fi ń ṣí ìrun, tó fi ń tọrọ pé kí Ọlọ́hun fi omi, yìnyín àti òjò dídì wẹ ẹ̀ṣẹ̀ òun nù. Ohun tó wà nínú àdúrà ìrun wa ni a ń sá fún yìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Lórí àwọn òkè yẹn nínú oṣù kejì, ìrun Àìlá máa ń wọlé kété ṣíwájú aago kan ọ̀sán, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ sì sábà máa ń sinmi láti jẹun nìyẹn. Alásàárì máa ń wọlé lẹ́yìn aago mẹ́ta. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gun òkè máa ń dáwọ́ dúró. Oòrùn sì sábà máa ń súnmọ́ aago mẹ́fà kó tó wọ̀. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láìjáfara yóò bá Alásàárì nílẹ̀. Ìrun wo ló wá bọ́? Kò sí ìkankan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé, "Arìnrìn-àjò ni wá," kí ẹ wá gé ìrun kù fún odidi ọ̀sẹ̀. Nínú mádíàbù Imām Mālik tí àwọn àáfà wa fi kọ́ wa, ẹni tó bá gbèrò láti dúró sí ojú kan fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko ti di onílé fún ọ̀rọ̀ ìrun; yóò kí i pé. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Hanafī, ó di ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ bi àáfà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Tayamọ́mù pẹ̀lú kì í ṣe ti ọ̀lẹ: omi gbígbóná ń ṣàn nínú ilé tí ẹ fẹ́ yá. Ẹni tó bá wọ kúfù sẹ́sẹ̀ lórí àlùwàlá láàárọ̀ lè fi ọwọ́ tútù pa orí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìdẹ̀ra Ọlọ́hun nìyẹn. Bàtà síkì ní tirẹ̀ le bí igi, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣẹ́. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó kírun, kí ẹ lè forí kanlẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà gúúsù ìlà oòrùn ni ẹ óò kọjú sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín wàyí

Ẹ má rò pé nítorí mo gbè yín, mo ti tú yín sílẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Fífà mọ́ra ni mo ń ṣe láti òwúrọ̀, ẹ wá gba ìbáwí báyìí.

Èṣù kò sí lórí òkè lọ́sàn-án. Àárẹ̀ kò ní jẹ́ kó rí yín tàn. Ìrọ̀lẹ́ ló ń dúró dè yín. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dáwọ́ dúró ni ilé ọtí máa ń kún, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń torí ìgbà yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ ilé onígi tí wọ́n ń fi háyà pẹ̀lú oúnjẹ ló máa ń gbé wáìnì sórí tábìlì lálẹ́, tí owó rẹ̀ ti wà nínú ohun tí ẹ san. Ẹ gba ilé tí ẹ ó ti máa dáná fúnra yín.

Ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Fondue, ìyẹn wàràkàṣì yíyọ́ tí wọ́n ń ti búrẹ́dì bọ̀, wáìnì funfun ni wọ́n fi ń sè é ní àgbègbè yẹn. Tartiflette jẹ́ ọ̀dùnkún àti wàràkàṣì, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ohun mímu gbígbóná tó ń ta sánsán nínú òtútù lè jẹ́ wáìnì gbígbóná. Ẹ béèrè kí ẹ tó fẹnu kàn án. Ẹni tí kò tijú láti ṣubú níwájú èrò, kò yẹ kó tijú láti béèrè ohun tó wà nínú abọ́.

Ẹ yan ọ̀kan ṣe olórí. Ànábì pàṣẹ pé bí èèyàn mẹ́ta bá jọ rìnrìn-àjò, kí wọ́n fi ọ̀kan jẹ aṣáájú. Ẹni tó mọ àkókò ìrun jù ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ẹni tó lówó jù. Ẹ má mú obìnrin tí kì í ṣe mọ̀háràmù yín mọ́ra nínú ilé kan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ fẹ́ kọ́ eré yìí, aṣọ rẹ̀ bo ara ju ti ọ̀pọ̀ eré lọ. Ẹ lọ pẹ̀lú ọkọ, bàbá tàbí arákùnrin yín. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ bóyá yóò fẹ́ràn rẹ̀, yìnyín àfọwọ́ṣe wà nínú gbọ̀ngàn ní Milton Keynes àti Hemel Hempstead. Kó lọ dán an wò níbẹ̀ kó tó náwó rẹpẹtẹ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú yín bá yọ̀, tó ṣe ohun tí kò dára, kó má ṣe ká aṣọ ìrun rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í ṣe ìwé àṣẹ fún èkejì. Ẹni tó ṣubú lórí yìnyín láàárọ̀ kì í sùn síbẹ̀ di alẹ́; ó ń dìde ni. Ẹ dìde bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ Olúwa yín.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àáfà: wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ tí ọmọ bá wá béèrè, ọjọ́ oore ni. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn, ẹ ní, "Jẹ́ kí n lọ wò ó." Kò sí ìtìjú níbẹ̀, Imām Mālik pàápàá máa ń sọ pé òun kò mọ̀. Mo ti pe àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. A ti jókòó pẹ̀lú ìwé lórí ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kò lọ mọ́, òun fẹ́ kọ́kọ́ san gbèsè. Àwọn márùn-ún yóò lọ, in shāʾ Allāh, wọ́n sì ti yan olórí.

A tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun kó má ṣe fi ahọ́n wa ti ọmọ wa kúrò lẹ́nu ọ̀nà Rẹ̀. Kó fi omi, yìnyín àti àánú Rẹ̀ wẹ àṣìṣe wa nù, àti tèmi tí mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí. Kó mú àwọn arìnrìn-àjò wa lọ láyọ̀, kó mú wọn bọ̀ láyọ̀, pẹ̀lú ìrun wọn ní pípé. Āmīn.